Ọjọ́ mẹ́ta nínú irà Ìlàjẹ: ìfẹ́ ta ni kí a mú ṣáájú?

Tíṣà Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Àwa márùn-ún ni a ń gbèrò ìrìn-àjò kan láti Àkúrẹ́, a sì fẹ́ kí ó bọ́ sí ìparí oṣù Kìíní ọdún tí ń bọ̀. Òkè ni a máa ń gùn tẹ́lẹ̀. A ti gun Òkè Ìdànrè títí a fi mọ ibi tí òkúta ti ń yọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, omi ni a fẹ́ bá lọ. A fẹ́ wọ inú irà àti igbó ẹ̀gbà (mangrove) tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìpínlẹ̀ wa, láti Ìgbòkòdá títí dé etí òkun, kí a sì lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko níbẹ̀.

Ohun tí ó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ìfẹ́ wa kò papọ̀. Èmi, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, fẹ́ rí ibi tí omi odò àti omi iyọ̀ ti ń pàdé. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ràn ẹyẹ débi pé ó ní ìwé tí ó ń kọ orúkọ wọn sí. Òmíràn fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja. Ẹnì kan tún wà tí ó fẹ́ tu ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kò fẹ́ gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì rárá. Àbúrò ìyàwó mi, tí ó jẹ́ ẹni karùn-ún, fẹ́ ya fọ́tò, kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo ti jókòó kọ ètò sílẹ̀: òwúrọ̀ fún ẹyẹ, ọ̀sán fún ẹja, ìrọ̀lẹ́ fún ọkọ̀ títù. Ìyàwó mi wò ó, ó ní ó jọ táìmútébù ilé ìwé.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí ẹni márùn-ún gbádùn ara wọn nínú ọjọ́ mẹ́ta, àbí kí a mú ìfẹ́ kan ṣáájú? Níbo ni ó yẹ kí a sùn? Kí ni ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí kì í rántí mú dání?

Ọmọ Ìgbòkòdá

Ọ̀gá Tíṣà, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Òótọ́ ni ìyàwó yín sọ. Táìmútébù yẹn kò ní ṣiṣẹ́, nítorí pé omi ní tirẹ̀. Ní apá ibi tí ó súnmọ́ òkun, omi a máa kún lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkókò rẹ̀ a sì máa sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Bí ó bá kún ní aago méje òwúrọ̀ òní, yóò ku díẹ̀ kí aago mẹ́jọ lù lọ́la kí ó tó kún. Ẹni tí kò bá béèrè èyí lọ́wọ́ atukọ̀ kí ó tó ṣètò, orí ẹrẹ̀ ni yóò ti kọ́ ọ.

Orí ẹrẹ̀ náà ni èmi ti kọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n bí mi sí ẹ̀gbẹ́ omi. Mo mú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì tí wọ́n wá láti Ìbàdàn wọ ipadò tóóró kan láàárín igbó ẹ̀gbà. Omi kún dáadáa nígbà tí a wọlé, a ń ṣeré, a ń jẹ ẹ̀pà. Kí a tó mọ̀, omi ti fà lábẹ́ wa, ọkọ̀ sì jókòó sórí ẹrẹ̀ bí adìyẹ tí ó ń sàba. Ẹrẹ̀ náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè bọ́ sí kí ó ti ọkọ̀: mo ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó ń wọlé lọ títí ọwọ́ mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. A lò ju wákàtí márùn-ún lọ níbẹ̀. Ohun tí ó dá wa lára yá ni àwọn ẹja kéékèèké olójú yíyọ tí wọ́n ń fi lẹbẹ́ wọ́ lórí ẹrẹ̀ bí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, àti àwọn alákàn tí ọwọ́ wọn kan tóbi ju èkejì lọ, tí wọ́n ń jù ú sókè sódò bí ẹni ń pe oníbàárà. Ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò ì bá dúpẹ́ lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ yan ìfẹ́ kan ṣe olórí, kí àwọn yòókù máa tẹ̀ lé e. Ìdí kejì ni pé ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ń wá kò sí lójú kan náà. Ìgbòkòdá ni ẹ ó ti fi ọkọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté. Ní apá òkè, níbi tí omi kò ti ní iyọ̀, igi ògùrọ̀ àti abùrà ni ẹ ó máa rí. Bí ẹ bá ṣe ń súnmọ́ òkun ni igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró sókè omi bí ẹsẹ̀ alákàn, yóò máa gba ipò wọn. Ẹ má ṣe rò pé ẹ ó fi ọ̀sán kan ṣoṣo jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Aláwò Ẹyẹ, Ọ̀bà-Ilé

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n lórí omi. Bí ó bá wá di pé kí a yan olórí, ẹyẹ ni kí ẹ yàn. Ẹ lè sọ pé ti inú mi ni mo ń sọ, ṣùgbọ́n ẹja lè dúró de ọ̀sán, fọ́tò lè dúró de ìrọ̀lẹ́, ẹyẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń là títí di bí aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ń jẹun, tí wọ́n sì ń ké; lẹ́yìn náà, oòrùn a lé wọn wọ inú ewé.

Àkókò tí ẹ mú dára, nítorí pé ìgbà ọyẹ́ ni àwọn ẹyẹ tí wọ́n sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù máa ń wà lọ́dọ̀ wa. Ní ti àwọn onílé, ẹ wá ẹyẹ apẹja tí ó ní dúdú àti funfun lára, tí ó máa ń dúró sójú kan lófuurufú, tí ó ń fi apá lu afẹ́fẹ́ kíkankíkan kí ó tó já sínú omi bí òkúta. Ẹ wá èyí tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó fi ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láìrì. Odídẹrẹ́ ni kí ẹ má ṣe gbọ́kàn lé. Wọ́n ti mú un tà débi pé ó ti di ọ̀wọ́n, láti ọdún 2017 sì ni àdéhùn àgbáyé ti ka títa èyí tí a mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọmọ odídẹrẹ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ má ṣe rà á, kódà bí àánú rẹ̀ bá ṣe yín.

Ẹ so okùn awò-awọ̀nàjíjìn mọ́ ọrùn. Tèmi ṣì wà nísàlẹ̀ omi títí di òní.

Onírìn-àjò Kán-ún-kán-ún

Kí ló dé tí ẹ kò lọ sí Àpóì? Igbó ipadò Àpóì wà nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé fún àwọn ilẹ̀ olómi pàtàkì, ẹdun pupa tí kò wọ́pọ̀ sì wà níbẹ̀. Ní ti oorun, ẹ ra àgọ́, kí ẹ pa á sórí iyanrìn létí òkun ní Ayétòrò. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Omi, Òndó

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Igbó ipadò Àpóì tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ìpínlẹ̀ Bayelsa ni ó wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹdun pupa tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ wà. Àpóì tiwa, tí ó wà ní Ẹsẹ̀-Odò ní ìpínlẹ̀ Òndó, orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ẹni tí ó bá lọ sí Ìgbẹ́kẹ̀bọ̀ láti wá ẹdun pupa yóò rí ènìyàn rere tí ń sọ Yorùbá, kò ní rí ẹdun.

Àkọsílẹ̀ náà wá láti inú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìlú Ramsar ní Ìráànù ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1971. Ibi 11 ni Nàìjíríà ní nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kankan ní ìpínlẹ̀ wa. Ìyẹn kò sọ pé irà tiwa kì í ṣe irà o, nítorí àdéhùn náà ka omi òkun pàápàá mọ́ ilẹ̀ olómi, bí jíjìn rẹ̀ kò bá ti ju mítà 6 lọ nígbà tí omi bá fà. Ọ̀gá Tíṣà, bí ẹ bá lè sún ìrìn-àjò yín síwájú díẹ̀ kí ó kan ọjọ́ 2 oṣù Kejì, Ọjọ́ Ilẹ̀ Olómi Àgbáyé ni ọjọ́ náà. Ẹ ó rí nǹkan sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín.

Ní ti àgọ́: iyanrìn wà létí òkun Àràrọ̀mí. Ṣùgbọ́n etí òkun Mahin, tí Ayétòrò wà lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ ni ó jẹ́. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kì í kà á mọ́ etí òkun oníyanrìn rárá. Òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà ìlú náà lọ. Mi ò rò pé ó bójú mu kí àlejò wá pa àgọ́ ìgbafẹ́ níwájú ẹni tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé yàrá rẹ̀.

Ará Òndó ní Florida

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ibi tí mo ń gbé kún un, nítorí pé àwọn ará ibí ti ń ṣe irú ètò yìí tipẹ́. Ọgbà irà Everglades wà ní gúúsù Florida, ó fẹ̀ tó éékà mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ọdún 1947 ni wọ́n sì ṣí i. (Ọdún kan náà ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Ìjọba ń dáàbò bo ọ̀kan, òkun ń jẹ èkejì.) Oṣù Keje ni mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, nítorí pé ìgbà náà ni mo ní ìsinmi. Ẹ̀fọn kò jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin ni àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ń lọ: òjò ti dáwọ́ dúró, omi ti gbẹ kúrò lójú koríko, àwọn ẹyẹ àti ọ̀nì á sì kó ara wọn jọ sí ibi ìwọ̀nba omi tí ó ṣẹ́ kù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé wọn kì í sọ pé kí ènìyàn wá wo irà lásán. Wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ ní ohun tí o fẹ́ ṣe. Bí ó bá jẹ́ ẹyẹ àti ọ̀nì ni o fẹ́ wò nítòsí láìṣe wàhálà, wọ́n á rán ọ lọ sí ọ̀nà kúkúrú kan tí ń jẹ́ Anhinga Trail. Bí o bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, ọ̀nà kan wà ní Shark Valley tí ó yípo ní máìlì 15. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ títù ni, ọ̀nà omi kan wà tí ó gùn ní máìlì 99, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìwọ yóò gba ìwé àṣẹ kí o tó sùn síbẹ̀. Níbi tí kò bá sí ilẹ̀ gbígbẹ lójú ọ̀nà náà, orí pèpéle onípákó tí wọ́n gbé lé òpó láàárín omi ni wọ́n ń sùn, wọ́n ń pè é ní chickee. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ilé àwọn ará Ìlàjẹ ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Ó kù kí ẹnì kan nawọ́ púpurú sí mi láti ojú fèrèsé.

Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà àti wákàtí tí ẹ ó padà sílẹ̀ fún ẹnì kan tí kò ní bá yín lọ, kí ẹ sì sọ fún un ìgbà tí ó yẹ kí ó figbe ta.

Ọmọ Ìgbòkòdá

Ará Florida, ẹ ṣeun. Àmọ̀ràn ìwé kíkọ sílẹ̀ yẹn dára. Ẹ jẹ́ kí n yà á sọ́tọ̀ díẹ̀ ṣáá: ọgbà yín ní òṣìṣẹ́ àti àmì lójú omi. Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn ni àmì. Atukọ̀ tí ó mọ ipadò kan lè má mọ èkejì, nítorí náà ẹ béèrè ibi tí wọ́n bí i sí kí ẹ tó béèrè iye owó. Bí ẹ bá dé abúlé kan, ẹ kọ́kọ́ kí ọlọ́jà (olórí ìlú) tàbí baálẹ̀ kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Bí ẹ bá yà sí apá Àrógbò, Ìjọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹ mú ẹni tí ó gbọ́ ọ dání.

Nínú omi, ẹ ó rí igi tí wọ́n fi ewé tàbí aṣọ sàmì sí. Ìgèrè tàbí àwọ̀n ẹnì kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fà á sókè láti ya fọ́tò. Mo ti rí ibi tí ìyẹn ti di ìjà.

Ní ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti wa kò rí bákan náà pẹ̀lú ti Florida pátápátá. Bí omi òjò bá ti dínkù, omi iyọ̀ ni yóò máa gòkè wá, ó sì máa ń pa koríko omi olódòdó àwọ̀ àlùkò tí ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀, nítorí koríko náà kò lè gba iyọ̀. Ìyẹn dára fún atukọ̀, ó sì dára fún Ọ̀gá Tíṣà. Ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò ni kí ó mọ̀ pé ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run bí eérú. Kí ó gbájú mọ́ ohun tí ó wà nítòsí.

Oorun: ẹ sùn sí Ìgbòkòdá ní alẹ́ àkọ́kọ́. Alẹ́ kejì, ẹ lè sùn sí ilé orí òpó bí onílé bá gbà yín, kí ẹ sì fún un lówó láìjẹ́ pé ó béèrè. Ẹ má sì ṣe rin ọ̀nà Òrè lóru.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Méjì, Àkúrẹ́

Kò tíì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lórí ara. Ẹ lọ rí dókítà kí ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò tó pé nítorí ibà, kí ẹ sì mú nẹ́ẹ̀tì dání, nítorí òru ni ẹ̀fọn tí ń gbé ibà ń jẹ ènìyàn. Omi yí yín ká, ṣùgbọ́n kò ṣeé mu: ẹ gbé ó kéré tán lítà 3 dání fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má ṣe gé e, ẹ má ṣe fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu, ẹ má ṣe fi okùn dì í pinpin. Ẹ yọ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó mira, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ nìkan kọ́ ni ó nílò jákẹ́ẹ̀tì omi. Gbogbo yín ni. Àwọn jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń yá ènìyàn létí èbúté kì í sábà bá ara mu. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dì í, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn yín kí ó fa èjìká rẹ̀ sókè. Bí ó bá kọjá etí yín, yóò bọ́ nínú omi.

Apẹja Ọjọ́ Àbámẹ́tà, Ọ̀kìtìpupa

Ẹni tí ó fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja, kí ó lọ sí apá omi tí kò ní iyọ̀, yóò rí àrọ̀ àti épìyà. Kí ó mú ekòló lọ láti ilé. Ẹni tí ó fẹ́ tu ọkọ̀, òwúrọ̀ ni tirẹ̀, nítorí pé bí oòrùn bá ti ga, atẹ́gùn òkun a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ọ̀sà a sì máa ru. Mo sì rí i pé àwọn ènìyàn ń dẹ́rù ba ara wọn nípa omi jù. Inú odò ni a ti ń wẹ̀ láti kékeré, kò sí ohun tí ó ṣe wá.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Méjì, Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Apẹja, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ bi àwọn tí ẹ jọ wẹ̀ nígbà náà bóyá wọ́n tọ ẹ̀jẹ̀ rí. Àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń pè é. Ìgbín kéékèèké inú odò ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, awọ ara ni ó ń gbà wọlé, ó sì lè pẹ́ kí ènìyàn tó mọ̀. Inú omi tí kò ní iyọ̀ ni ìgbín náà ń gbé, pàápàá etí odò tí kò ṣàn púpọ̀, ibi tí ẹ ní kí ọkùnrin yẹn lọ jókòó sí gan-an. Kí ó pẹja, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ omi.

Apẹja Ọjọ́ Àbámẹ́tà, Ọ̀kìtìpupa

Nọ́ọ̀sì, mo gbà. Ẹnì kan wà nínú wa tí ó tọ ẹ̀jẹ̀. A máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó ti di géńdé.

Tíṣà Àkúrẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ṣe ìpàdé lálẹ́ àná, mo sì ya táìmútébù mi. Ohun tí Aláwò Ẹyẹ àti Apẹja sọ ni ó tú u fún wa: òwúrọ̀ ni ẹyẹ, òwúrọ̀ náà ni ọkọ̀ títù, àwọn méjèèjì kò sì fẹ́ ariwo. Nítorí náà wọn yóò jọ wọ ọkọ̀ kan, ọ̀kan á máa tu, ọ̀kan á máa wò, atukọ̀ á sì wà láàárín wọn. Ẹyẹ ni olórí, a ti fẹnu kò. Apẹja wa bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n a fún un ní gbogbo ọjọ́ àkọ́kọ́ ní apá òkè, bàtà rọ́bà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A ti fi àgọ́ sílẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ra jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí. Mo fa èjìká rẹ̀ sókè, ó dúró ní àgbọ̀n rẹ̀.

A sún un sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì. Ní tèmi, mo ti fọ ìgò mẹ́fà. Láti apá òkè títí dé ibi tí a bá lè súnmọ́ òkun dé, n ó máa bu omi sí ìgò kọ̀ọ̀kan, n ó kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára, àwọn ọmọ kíláàsì mi yóò sì sè é gbẹ nínú abọ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí èyí tí ó fi iyọ̀ sílẹ̀. Ọmọ Ìgbòkòdá, ó ku ọ̀rọ̀ kan: nínú ìgò mẹ́fà yìí, mélòó ni kí n bù kí a tó dé igbó ẹ̀gbà?

Ọmọ Ìgbòkòdá

Ẹ bu méjì kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ bu mẹ́ta láàárín igbó ẹ̀gbà, nígbà tí omi bá ń kún àti nígbà tí ó bá ń fà. Ẹ ó rí i pé ibì kan náà kì í ní iyọ̀ kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún Àràrọ̀mí.

Tíṣà Àkúrẹ́

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. N ó fọ méjì sí i, bí ọ̀kan bá fọ́ nínú ọkọ̀.